Heart of the Swarm: ṣé máàkì 86 tọ́ sí i?

Ọ̀pẹ́yẹmí:
Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò. Heart of the Swarm, àfikún àkọ́kọ́ sí StarCraft II (géèmù ọgbọ́n ogun orí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀yà mẹ́ta ti ń jà: Terran tí í ṣe ènìyàn, Zerg tó dà bíi kòkòrò, àti Protoss, ẹ̀dá àjèjì mìíràn), jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2013. Wings of Liberty tó ṣáájú rẹ̀ ní 2010 gba 93 nínú 100 lórí Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì àwọn alámèyítọ́ jọ, àfikún yìí gba 86. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 1.1 ni wọ́n tà nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Wings of Liberty ti ta mílíọ̀nù 1.5 láàárín iye ọjọ́ kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bú géèmù yìí, òǹkà wọ̀nyí ló kọ́kọ́ máa ń fà yọ.

Ohun tí mo rí ni pé àwọn alámèyítọ́ fi ọjọ́ díẹ̀ parí apá ìtàn, wọ́n tọ́ apá ìfigagbága wò, wọ́n sì kọ èrò wọn jáde. Àwa gbé inú rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún méjì àti ààbọ̀, títí àfikún kejì, Legacy of the Void, fi dé ní oṣù Kọkànlá 2015. Ohun tí wọ́n bù kù kọ́ ló yọ wá lẹ́nu jù. Ní tèmi, lọ́dún àkọ́kọ́, géèmù náà ju 86 lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, kò tó o mọ́. Kí ni tiyín?

Dépọ̀:
Mo wà lẹ́yìn rẹ lórí ọdún àkọ́kọ́ yẹn pátápátá. Mi ò tíì rí ìjà tó dùn ún wò tó ti Terran àti Zerg ní 2013. Wọ́n fún Medivac, ọkọ̀ òfuurufú Terran tó ń kó ọmọ ogun, ní agbára láti ta kìjí sáré. Wọ́n fún Mutalisk, ẹ̀dá Zerg tó ń fò, ní ara tí egbò rẹ̀ ń tètè jinná. Wọ́n wá fún Terran ní Widow Mine, tó máa ń ri ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ de ọ̀tá. Ẹni tí ohun ìjà rẹ̀ bá gan-an á fara gba 125, àwọn tó wà nítòsí á gba 40, ì báà ṣe ọ̀tá, ì báà ṣe ọmọ ogun onílé. Nítorí náà, Zerg tó bá mọṣẹ́ á rán Zergling kan ṣoṣo, ọmọ ogun rẹ̀ kékeré, sáré wọ àárín àwọn Marine, ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Terran, kí Widow Mine lè yìn ín lu Terran fúnra rẹ̀. Terran tó gbọ́n náà á ti rí i tó ń bọ̀, á sì yára pa Zergling náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, nígbà tí Medivac ń já ọmọ ogun sílẹ̀ níbi mìíràn!

Alámèyítọ́ wo ló lè rí ìyẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́? Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà náà.

Ṣèyí:
Gbogbo yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìpalára 125 àti 40, ìtàn ńkọ́? Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa ra géèmù yẹn ni Kerrigan, ọbabìnrin àwọn Zerg, Kerrigan ni wọ́n sì bàjẹ́.

Ẹ rántí Brood War, àfikún sí StarCraft àkọ́kọ́. Obìnrin yẹn bá Raynor, ọmọ Terran tó fẹ́ràn rẹ̀, àti Fenix, jagunjagun Protoss, dòwò pọ̀ láti gba pílánẹ́ẹ̀tì Korhal, bí iṣẹ́ ti parí ló yíjú padà pa Fenix àti Duke, ọ̀gágun Terran. Ó sọ Raszagal, olórí kan láàárín àwọn Protoss, di ẹrú débi pé Zeratul, jagunjagun Protoss, fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyá àgbà tó ń sìn. Ní òpin rẹ̀, agbo ọmọ ogun mẹ́ta pa pọ̀ kọlù ú, ó sì ṣẹ́gun gbogbo wọn. Raynor búra níwájú rẹ̀ pé òun lòun máa pa á.

Wọ́n wá mú un wá sínú Heart of the Swarm, ó di obìnrin tó ń wá ọkọ. Wọ́n ní ìwà burúkú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, Amon, ẹ̀dá alágbára búburú kan, ló kó èérí bá àwọn Zerg. Ẹ̀dá tó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ jọba lórí gbogbo ayé, wọ́n gba ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó o fún ẹlòmíràn. Tí n bá jẹ́ alámèyítọ́, 86 pọ̀ jù.

Bùnmi:
Ṣèyí, o kò fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ rárá. "Obìnrin tó ń wá ọkọ" ni gbogbo ohun tí o rí? Lọ wo ìjà orí pílánẹ́ẹ̀tì Char. Warfield, ọ̀gágun Terran, farapa, ó ń bẹ Kerrigan nítorí àwọn ọmọ ogun tó gbọgbẹ́, ó sì bi í pé kí ni Raynor máa sọ tó bá rí i báyìí. Kerrigan pa Warfield. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọkọ̀ àwọn tó gbọgbẹ́ lọ. Èèyàn burúkú inú Brood War kò ní ṣe apá kejì, Kerrigan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di èèyàn padà kò ní ṣe apá àkọ́kọ́. Àárín méjèèjì ni ìtàn náà wà, ibẹ̀ gan-an ló sì dùn sí.

Wo pílánẹ́ẹ̀tì yìnyín Kaldir náà. Ó pa gbogbo Protoss tó wà níbẹ̀ kí ìròyìn má bàa dé Shakuras, ibùgbé àwọn Protoss. Kò sí Amon kankan tó ń darí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló yàn án.

Ṣèyí:
Tó bá jẹ́ òun ló yàn án, kí ló dé tí ìtàn náà kò bi í léèrè rí? Wọ́n pa odindi àwọn ènìyàn lórí yìnyín yẹn, ìtàn sì fò kọjá lọ sí Char bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn tí wọ́n ń bá a kọ káàkiri kò ju ti Raynor lọ.

Tóbi:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, èmi kò sí níbẹ̀ nígbà tó jáde. Oṣù Kọkànlá 2017, nígbà tí wọ́n sọ Wings of Liberty di ọ̀fẹ́, ni mo wọlé, mo sì ra èyí lẹ́yìn náà. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni bí apá ìtàn ṣe rọrùn tó. Kerrigan máa ń bá wa jáde sójú ogun ní ọ̀pọ̀ ìpele, nígbà tó bá sì ti lágbára tán, òun nìkan lè wọ ibùdó ọ̀tá kó tú u ká. Ìgbà mìíràn mo máa ń gbàgbé pé mo ní ọmọ ogun kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé géèmù ọgbọ́n ogun la ń ta ni, àbí ti akọni kan ṣoṣo?

Bùnmi:
Tóbi, gbé e sí Brutal, ìwọ̀n tó le jù, kó o tó sọ bẹ́ẹ̀ 😀 Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó o ń wí. Lórí Normal, Kerrigan pọ̀ jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín rántí ni ìpele ìyípadà méje yẹn. Ogún ìpele ló wà nínú ìtàn gangan, méje sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí Abathur, ẹ̀dá Zerg tó ń tún ara àwọn ọmọ ogun mọ, máa ń fi ọ̀nà méjì hàn ọ́ fún irú ọmọ ogun kan. Zergling rẹ lè di Raptor tó ń fò gun òkè, tàbí kó di Swarmling tí mẹ́ta ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹyin kan. O máa fọwọ́ ara rẹ dán méjèèjì wò lójú ogun kékeré, lẹ́yìn náà wàá yan ọ̀kan, kò sì sí àyípadà mọ́. Wọn kò kó ọ̀rọ̀ jọ síwájú rẹ pé kó o kà kó o fi yàn. Wọ́n fi ọmọ ogun náà lé ọ lọ́wọ́. Mo ti ta ọ̀pọ̀ géèmù ogun láti ìgbà náà, mi ò tíì rí èyí tó kọ́ni ní ohun tuntun lọ́nà tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Abathur fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀dá tí kò mọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń já kélékélé. Bí wọ́n bá fún apá ìtàn yìí ní 93, mi ò ní janpata.

Láńre:
Ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Mo ta Brood War nígbà tó jáde ní 1998, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un.

Ọmọ ogun méje ni Brood War mú wá: Medic, Valkyrie, Lurker, Devourer, Dark Templar, Dark Archon, Corsair. Méje náà ni Heart of the Swarm mú wá fún ìfigagbága: Widow Mine, Hellbat, Swarm Host, Viper, Oracle, Tempest àti Mothership Core. Ó yá, ẹ wo ibi tí wọ́n bá a dé. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣe àtúnṣe agbára ọmọ ogun kẹ́yìn nínú Brood War, orí rẹ̀ ni wọ́n sì fi ta á ní Gúúsù Kòríà láti ọdún yẹn títí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fi kúrò lórí rẹ̀ ní 2012. Nínú méje ti 2013, Swarm Host di ohun tí wọ́n tún mọ láti ìpìlẹ̀ ní 2015. Mothership Core, wọ́n yọ ọ́ dànù pátápátá ní 2017. Hellbat, kò tíì pé oṣù mélòó kan tí wọ́n fi gba díẹ̀ nínú iná rẹ̀, nítorí Medivac tó ń já a sáàárín àwọn òṣìṣẹ́.

Wọ́n tilẹ̀ ti yọ Warhound, ẹ̀rọ ogun Terran, nígbà ìdánwò kí géèmù tó jáde. Inú mi dùn sí ìyẹn, torí Terran kò ní nílò nǹkan mìíràn mọ́ bí wọ́n bá fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àfikún tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ní láti máa fa ohun tó fi kún un yọ, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè pè é ní iṣẹ́ tó pé.

Dépọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà 2013 díẹ̀. Nínú méje Brood War, ìgbà mélòó ni ẹ máa ń rí Dark Archon? Àwọn tó ń ya ojú ogun ní Kòríà náà ló sì ń gbé ìwọ̀n rẹ̀ dúró: bí ẹ̀yà kan bá ti lágbára jù, wọ́n á ya ojú ogun mìíràn. Àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́, inú géèmù fúnra rẹ̀ kọ́ ló wà ni.

Viper, ẹ̀dá Zerg tó ń fò, ni mo máa ń tọ́ka sí. Kí ó tó dé, ẹni tó bá ti kó àwọn ọmọ ogun wúwo jọ sójú kan ti borí. Viper á na ahọ́n rẹ̀, á fa Colossus kan, ẹ̀rọ ogun ńlá Protoss, jáde kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí iwájú Zerg láti kú. Ohun tó gba ojú, tó gba ìgboyà nìyẹn, ó ṣì wà títí dòní.

Láńre:
Mo gbà fún ọ lórí Viper. Swarm Host ńkọ́?

Dépọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọwọ́ kan egbò 😅

Ọ̀pẹ́yẹmí:
Níbẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dé. Fún Tóbi tí kò sí níbẹ̀: Swarm Host á ri ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa bí eéṣú méjì-méjì jáde láìsan nǹkan kan. Eéṣú á lọ jà, á kú, òmíràn á jáde. Ẹni tó ń bá a jà ń pàdánù ohun tó fi owó rà, Zerg kò pàdánù nǹkan kan. Nítorí náà, ọ̀tá rẹ̀ náà kò ní jáde mọ́. Á kọ́ ilé ààbò, á kó ọkọ̀ òfuurufú ogun bíi Tempest tàbí Raven jọ, á jókòó. Zerg náà á jókòó. Wọ́n á wa gbogbo àlùmọ́ọ́nì orí ilẹ̀ náà tán, ìjà kan á lé ní wákàtí kan, ìgbà mìíràn á parí sí ọ̀mì.

Mo bínú sí i nígbà náà, mo ṣì ń bínú. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ojoro. Ẹni tó ń fi Swarm Host jókòó ń ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu jù lọ tí òfin géèmù fún un láyè láti ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù náà rí i, wọ́n sì jẹ́ kó pẹ́ títí di 2015. Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Máàkì 86 kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, torí kò tíì sí ẹni tó kó Swarm Host ogún jọ ní oṣù Kẹta 2013.

Tóbi:
Mo ti wá lóye báyìí. Ní ìgbà tèmi, eéṣú rẹ̀ ń fò, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tún jáde. Mi ò mọ̀ pé ohun kan wà tó burú tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Dépọ̀:
Síbẹ̀, ẹ má gbàgbé àwọn ohun tó dákẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ nípa rẹ̀. Àfikún yìí ló jẹ́ kí èèyàn lè bọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìjà tó ti parí, kó gbà á láti àárín, kó sì tún un tà. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já láàárín ìdíje, wọn kò ní láti tún bẹ̀rẹ̀ látòkè mọ́. Ó tún mú ìjà tí kò ní ipò nínú wá, kí ẹni tó ń bẹ̀rù àtijábọ́ lè máa ta géèmù lọ. Ìdíje àgbáyé ọdún yẹn náà ńkọ́? Eléré kan, sOs, na Jaedong ní 4–1 nínú àṣekágbá, oṣù Kọkànlá 2013. Jaedong, àgbà Brood War fúnra rẹ̀, lórí pápá tuntun! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò dìde dúró lọ́jọ́ náà?

Láńre:
Mo dìde. Inú mi kò sì dùn sí bó ṣe parí.

Bùnmi:
Ṣèyí, mo ṣì ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ. O ní ìtàn kò bi Kerrigan léèrè. Nínú ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n Moros, nígbà tó wá gba Raynor sílẹ̀, Raynor rí i pé ó ti tún di Zerg. Orúkọ Fenix ló fi kò ó lójú, àti ti àwọn mílíọ̀nù tó pa. Ó na ìbọn sí i. Kerrigan kò gbèjà ara rẹ̀, ó dúró. Ìbúra Brood War yẹn ni wọ́n gbé padà síwájú wa. Kí lo tún fẹ́?

Ṣèyí:
Mo rántí ibẹ̀ dáadáa, òun ni ibi tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Raynor ní ó parí láàárín àwọn, ó lọ. Nígbà tí a tún máa rí i, ó ti dé Korhal tó ń gba Kerrigan lọ́wọ́ Mengsk, olú ọba àwọn Terran. Láàárín méjèèjì, kò sí ìpele kan, kò sí ìjíròrò kan tí a ti rí ọkùnrin náà kó ronú sí Fenix tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ. Ogún ìpele ni wọ́n ní. Ká ní wọ́n fún Raynor ní ẹyọ kan péré níbẹ̀, mi ò ní bá ọ jiyàn.

Bùnmi:
Ẹyọ kan yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ méje Abathur fún un o, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kún un ni.