Ọba Tó Ń Pe Ọ̀jọ́tà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ àǹtí mi ní Ìkòròdú, ẹ má sọ fún wọn pé kíà hómù, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, ni mò ń padà sí ní Mọ́ńdè o. Wọ́n ti kéde láti Sábó dé Ìta Ẹlẹ́wà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ń ṣe ọba nílùú òyìnbó. Wọn ò sì purọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ṣe ríhásà ọba nínú eré tíátà ní Leeds, ọba tó jẹ́ pé tó bá ti bọ́ adé lago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì ló máa sáré wọ̀ lọ sí ṣíìfù alẹ́, kó lọ yí bàbá òyìnbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo fi wálé, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Mi ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí àǹtí mi ti mú ìwé jáde: owó òrùlé, owó aṣọ ẹbí, fíríísà tí wọ́n fẹ́ fi ta omi tútù, owó físà ọmọ wọn. Mo ní Àǹtí, mi ò lówó o. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ọba wo ni ò lówó, àbí baálẹ̀ lo ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí ọba ṣe di ẹlẹ́yà.

Dáírẹ́kítọ̀ wa, òyìnbó obìnrin kan tó máa ń bọ́ bàtà kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀, ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kẹta ríhásà, ó dijú, ó ní òun fẹ́ kí ọba ké pe àwọn baba ńlá ẹ̀ lédè ẹ̀ kó tó kú, kí n má wo ìwé rárá, kó jáde látinú eegun mi. Ẹ gbà mí! Ọmọ Ìkòròdú ni mí lóòótọ́, àmọ́ ọmọ gáréèjì ni mí, ta ló fẹ́ kọ́ mi lọ́fọ̀? Gbogbo ohun tí mo mọ̀ sórí láyé mi ò ju Sáàmù 23 àti nọ́ńbà fóònù àǹtí mi tí mi ò kí ń gbé. Gbogbo wọn ń wò mí, ọmọ Jàmáíkà tó ń ṣe olorì mi tiẹ̀ ti fọwọ́ láyà. Ni mo bá yanu, ohun tó jáde nìyí:

“Mile 12, Kétu, Ọ̀jọ́tàààà! Ó ku ẹnì kan lẹ́yìn! Mẹ́rin-mẹ́rin ni o! Ẹ gbọ́mọ yín lẹ́sẹ̀! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o, mi ò ní ṣéńjì o!”

Ẹ wò ó, dáírẹ́kítọ̀ bú sẹ́kún. Ẹkún gidi, imú ń yọ. Ó ní kí ló túmọ̀ sí. Mo ní ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà jìn, àyè ò tó, kí kálukú gbé ẹrù ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ibo ni mo ti purọ́ ńbẹ̀?

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú eré nìyẹn o. Wọ́n wá ẹni tó máa lu ìlù sí i, wọ́n wá ẹ̀rọ tó ń rú èéfín. Wọ́n gba tíṣà kan tó ń kọ́ olorì bí wọ́n ṣe ń pe “ṣéńjì”, odidi ọ̀sán gbáko, “ṣéń-jì, ṣéń-jì”. Àwọn ìjòyè mi mẹ́fà tó bá dórí “mẹ́rin-mẹ́rin” wọ́n á na ìka mẹ́rin sókè pẹ̀lú ojú tó le koko bí ẹni ń búra níwájú Ògún. Èmi náà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì mo pe Ọ̀jọ́tà sábẹ́lẹ̀, orí mi wú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èrò máa wòran dé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé èèwọ̀ ni kéèyàn súfèé nínú tíátà, nítorí láyé ọjọ́un súfèé làwọn tó ń fa okùn lókè fi ń ránṣẹ́ síra wọn, o lè súfèé kí kọ́tìn já lù ẹ́ lórí. Ìyẹn ò ṣòro fún mi, ìyá mi náà ò gbà kí n súfèé lálẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé tí wọ́n bá ké pé ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí eré bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 35 ló kù. Àwọn náà ló ń sọ pé a kì í pa àkókò mọ́ o!

Èéfín bolẹ̀, ọba ń kú lọ, mo di ọ̀pá àṣẹ mú, mo gbé ohùn sókè. Mo pe Mile 12. Mo pe Kétu. Ni ohùn ìyá kan bá dún láti ẹ̀yìn gbọ̀ngán:

“Ó wà o! Kétu wà!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúró. Ẹsẹ̀ mi ló tẹ bíréèkì, kì í ṣèmi. Mo nawọ́ bí ẹni fẹ́ gbowó, mo ní, “Ẹ fẹsẹ̀ òsì sọ̀ o, ìyá.” Ẹlòmíì bá tún ké lápá ọ̀tún pé, “Ṣéńjì mi ńkọ́?” Òyìnbó ń sunkún, àwọn tiwa ń já bọ́ lórí àga, àwọn ìjòyè mi ṣì na ìka mẹ́rin sókè, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n gbé e sílẹ̀.

Ìyá yẹn, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọmọ Agric, wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ojú ò tì ẹ́, wọ́n sì kó mọ́ínmọ́ín fún mi nínú ike. Àmọ́ wọ́n ti kọ́kọ́ bá dáírẹ́kítọ̀ pàdé, wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti yọ igbe Ọ̀jọ́tà kúrò nínú eré. Ẹyẹ inú kọ̀ǹpútà ni ọba wá ń gbọ́ kó tó kú. Nígbà tí eré ń lọ sáwọn ìlú míì, ọba míì ni wọ́n bá lọ. Ẹkún tí dáírẹ́kítọ̀ sun lọ́jọ́ kẹta yẹn ńkọ́? Ó gbà á padà ni?

Àná mo sọ ọ́ fún bàbá mi níta gbangba lórí bẹ́ǹṣì, mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ọdún 12 ni wọ́n fi ṣe kọ̀ńdọ́ ní gáréèjì Ìkòròdú kí wọ́n tó ní bọ́ọ̀sì tiwọn, 2015 tí BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tiẹ̀, dé Ìkòròdú ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ẹsẹ̀ ló wá parí ẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ti wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣe é kí n gbọ́.” Mo ṣe é. Wọ́n mi orí. “Májìdún ńkọ́? Inú odò ni káwọn ará Májìdún sọ̀ sí?”

Ni wọ́n bá fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì gbà-gbà bí ẹni ń gbá ara bọ́ọ̀sì, wọ́n pè é fúnra wọn. Májìdún. Mile 12. Nígbà tó máa fi dé Kétu, ikọ́ gbà á mọ́ wọn lẹ́nu. Èmi ni mo pe Ọ̀jọ́tà, jẹ́jẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń yí bàbá ẹlòmíì sí ẹ̀gbẹ́ kejì lóru o. Ta ló ń yí tèmi?

Ẹ fojú fò ó, èéfín jẹnẹrétọ̀ ló wọ̀ mí lójú.

Àṣé àǹtí mi wà ní kíṣìnì, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n jáde pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. “Kọ̀ńdọ́! Ṣé iṣẹ́ kọ̀ńdọ́ lo lọ ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó?” Mo ní Àǹtí, ẹ má bínú. Wọ́n ní inú àwọn dùn, kọ̀ńdọ́ sàn ju ọba lọ, kò sí kọ̀ńdọ́ tí kì í ní owó lọ́wọ́, kí n mú owó òrùlé wá.

Mo ní Àǹtí, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o.