Omijé wà nínú ìgbàgbọ́ màmá mi

Èmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi yàn pé kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé màmá wa fún ìsìn ìdágbére, nítorí wọ́n ní èmi ni mo mọ ìwé kọ jù. Kò gbà mí ju ìdajì wákàtí lọ tí mo fi kún ojú ewé kan: àdúrà ni wọ́n fi ń jí, àdúrà ni wọ́n fi ń sùn, wọn kì í bínú, ìyọnu kankan kò mi ìgbàgbọ́ wọn rí. Nígbà tí mo tún un kà, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá yọ orúkọ màmá mi kúrò, tí mo sì fi ti ìyá onígbàgbọ́ mìíràn sí i, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo fa ìwé náà ya.

Bíbélì wọn ni mo lọ gbé, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú funfun rán fúnra wọn, tí igun àwọn ewé rẹ̀ ti dúdú níbi tí àtàǹpàkò wọn ti ń ṣí i láti ọdún pípẹ́. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń kọ nǹkan sí etí ojú ìwé. Mo rò pé Sáàmù 23 ni n ó ti bá àmì jù. Wọ́n fàlà sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé tí Sáàmù 88 wà ni ó ti rọ̀ bí aṣọ àlògbó. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé Sáàmù dáadáa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ ni ó ń fi ìyìn parí. Ti Sáàmù 88 kò rí bẹ́ẹ̀, inú òkùnkùn ni ó parí sí. Ní etí rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ọdún kan tàbí méjì wà láàárín wọn, àti ìbéèrè kan ṣoṣo: “Títí di ìgbà wo?”

Ẹ̀gbọ́n mi yìí bínú kúrò nílé, ọdún méje sì kọjá tí a kò gbúròó rẹ̀. Ní àwọn ọdún náà, bí mo bá jí ní ìdájí, màmá mi ni mo máa ń bá lórí ìkúnlẹ̀, tí ètè wọn ń mì tí ohùn wọn kò sì jáde. Bí àlùfáà Élì ṣe rò pé ọtí ni ó ń pa Hánà, èmi náà rò pé ìrònú ti ń ya màmá mi ní wèrè. Lọ́jọ́ kan, ohùn wọn yọ díẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: “Mi ò ní fi Ọ́ sílẹ̀ o, Olúwa, àmọ́ inú mi ò dùn sí Ọ lónìí.” Ẹ̀rù bà mí. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n dìde, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní kí n lọ wẹ̀ kí n má baà pẹ́ dé ilé ìwé.

Èrò ọkàn mi ni pé irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni à ń fọ̀ nù nígbà tí a bá ń ṣe ìrántí àwọn ìyá wa. Àwọn tí ó ṣáájú wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Augustine, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní Àríwá Áfíríkà, kọ ìtàn ìyá rẹ̀ Monica sílẹ̀, kò fi ẹkún rẹ̀ pamọ́. Ó sọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe parọ́ fún ìyá náà ní Carthage, tí ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù ní òru, tí ìyá jí ní òwúrọ̀ tí kò bá a mọ́. Ó sọ ti bíṣọ́ọ̀bù kan tí Monica ń bẹ̀ títí tí ó fi sú u, tí ó wá dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe kí ọmọ irú omijé bẹ́ẹ̀ ṣègbé. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé Augustine kò fi àṣìṣe ìyá rẹ̀ náà pamọ́: ó kọ ọ́ pé ní ìgbà ọmọdé, wáìnì tí wọ́n ń rán an lọ bù ni ó máa ń jí mu díẹ̀díẹ̀, títí ìránṣẹ́bìnrin kan fi bú u ní ọ̀mùtí. Ta ni nínú wa tí yóò kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú? Síbẹ̀, Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Milan, ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà níbẹ̀ ní àjíǹde ọdún 387, ní ọdún yẹn kan náà ni Monica kú sí Ostia, nínú ọdún kẹrìndínlọ́gọ́ta ọjọ́ orí rẹ̀, a sì ń rántí rẹ̀ títí di òní.

Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nígbà tí ó ń kọ̀wé sí Tímótì, kò ka oyè kankan mọ́ ìyá rẹ̀ Eunike àti ìyá ńlá rẹ̀ Loisi lẹ́sẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí kò ní ẹ̀tàn ni ó pè é. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé ìtàn ìyá tí kò sunkún rí ni ẹ̀tàn, ó sì ń pa àwọn ọmọ tí ó kù láyé lára. Ọmọ tí ó bá gbàdúrà ọdún mẹ́ta tí kò rí ìdáhùn yóò máa rò pé òun kò lè ní irú ìgbàgbọ́ màmá òun láéláé, láìmọ̀ pé màmá náà ti kọ ìbéèrè rẹ̀ gan-an sí etí Sáàmù.

Nítorí náà, mo kọ òmíràn, mo sì fi Sáàmù 88 sí i. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ní kí n yọ ọ́, pé kò yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba. Èmi kò bá wọn jiyàn, àgbà ni wọ́n. Mo kàn gbé ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé kí ó wò ó bóyá kí n yọ ọ́. Ó ti padà wálé ṣáájú kí màmá wa tó kú, òun ni ó sì tọ́jú wọn ní oṣù tí wọ́n lò kẹ́yìn. Ó kà á, kò sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá mo rí ọjọ́ tí òun dé nínú Bíbélì náà. Mo ní mo ti wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sáàmù náà títí, n kò rí i.

Òun ni ó gbà á lọ́wọ́ mi tí ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú ìwé Fílémónì ni ó ti rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé bóyá nítorí èyí ni ó ṣe kúrò fún ìgbà díẹ̀, kí o lè gbà á padà títí láé. Màmá wa kò kọ àdúrà kankan síbẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ, àti “aago méje alẹ́”, wọ́n sì tẹ pẹ́ńsùlù náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó lu ewé náà jáde sí òdìkejì.