Ibi iṣẹ́ ló yẹ kí ọ̀kadà oníná ti máa gba ṣáàjì

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Tí ọkọ̀ oníná bá máa wúlò fún àwa Yorùbá ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀kadà ni ká fi bẹ̀rẹ̀, ibi iṣẹ́ sì ni kó ti máa gba ṣáàjì. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023 ni owó epo ti ń jẹ owó oṣù olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì wa run, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí dọ́kàn.

Láti Kàbà dé Ìsánlú, ẹ wo abẹ́ igi máńgòrò ní ọgbà iléèwé tàbí ilé ìwòsàn. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń to ọ̀kadà síbẹ̀, wọn kì í kúrò títí iṣẹ́ á fi parí. Àsìkò yẹn gan-an loòrùn ń mú jù. Ẹni tó bá fẹ́ fi sólà ṣáàjì nílé lálẹ́ ní láti kọ́kọ́ ra bátìrì ńlá tó máa tọ́jú iná ọ̀sán pa mọ́, bátìrì yẹn ló sì ń gbówó lórí. Níbi iṣẹ́, bí oòrùn ṣe ń ràn ni ọ̀kadà ń gbà á.

Bátìrì ọ̀kadà oníná sábà máa ń gba bíi yúnìtì iná 2 sí 3. Páńẹ̀lì sólà 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 500, lè mú bíi yúnìtì 20 wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá dáa. Ọ̀kadà mẹ́fà á rí i gbà yó. Mọ́tò oníná kékeré kan ṣoṣo lè gba yúnìtì 40, ìyẹn oòrùn ọjọ́ méjì gbáko! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí mọ́tò ọ̀gá ṣì ní sùúrù. Nígbà òjò iná á dínkù, ká fi ti NEPA kún un. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì, epo náà ló ṣì ń rà.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fa ẹsitẹ́ńṣọ̀n gba ojú fèrèsé ọ́fíìsì jáde sínú òjò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ń gbé iná tó pọ̀ fún wákàtí mélòó kan á gbóná, ojú rẹ̀ á pọ́n bíi búrẹ́dì tó jóná, kó tó di pé ó yọ́. Kí rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ fún ibi ìṣáàjì ní wáyà tirẹ̀, bírékà tirẹ̀, àti wáyà ẹ́ẹ̀tì tó wọlẹ̀ dáadáa.

Kí ẹni tó bá ṣáàjì san nǹkan díẹ̀, kí mítà kékeré sì máa ka yúnìtì tó lò. Kò tọ́ kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́ máa gbé ẹrù ọlọ́kadà. Owó yẹn náà la ó fi tún ibi ìṣáàjì ṣe tó bá bàjẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tẹ́ ẹ ń kọ́ kíláàsì, tẹ́ ẹ ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò níbi ìkówójọ tó ń bọ̀: ẹ ṣe àtíbàbà ìgbọ́kọ̀sí kan sí ilé ìwòsàn ìlú yín, kí páńẹ̀lì sólà jẹ́ òrùlé rẹ̀.