Èsì wa sí Ìyá Ìbejì tó wá láti Ìkòròdú lọ́jọ́ òmìnira

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìnáwó ọjọ́ náà. Èmi tí mo ni ọgbà ìṣeré yìí, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gun okùn àti pákó láti igi dé igi, ni mo ń kọ èyí fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó dáhùn. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 lẹ fún wa, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀: pé ẹ kó ọmọ mẹ́rin àti màmá yín wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá; pé a jẹ́ kí Táyé gun okùn òkè, a sì dá Kẹ́hìndé dúró nígbà tí ẹ ti sanwó àwọn méjèèjì; pé a sọ gbogbo ọmọ kalẹ̀ nígbà tí òjò kò tíì kán; pé ẹ̀fọn jẹ màmá yín níbi tí wọn ò ti rí àga gidi jókòó; àti pé ọmọ iṣẹ́ wa kan bi yín bóyá ẹ ò lè kàwé ni. Gbangba lẹ ti sọ ọ́, gbangba náà ni mo ti fẹ́ dáhùn.

Ti Kẹ́hìndé ni n ó kọ́kọ́ sọ, torí òun ló dùn mí jù. Mo rí i lọ́jọ́ náà. Ó dúró sídìí igi àfàrà, àṣíborí ṣì wà lórí ẹ̀, ó ń wo òkè. Mi ò mọ̀ pé ìbejì rẹ̀ ló ń wò. Mo rò pé ó ń dúró kó kàn án ni. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé wo la ti ń ra aṣọ fún Táyé tí a kì í ra ti Kẹ́hìndé? Bẹ́ẹ̀ Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán àbúrò rẹ̀ wá tọ́ ayé wò, òun náà la wá dá dúró nílẹ̀. Ẹ ní ó sunkún títí ẹ fi dé Ìtòìkín. Ó yé mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìlà tí a fà sára òpó yẹn. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ni: ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá kan ìlà náà kì í gun okùn òkè, a kì í wo ọjọ́ orí. Lókè lọ́hùn-ún, wáyà irin kan lọ láti igi dé igi. Ìkọ́ méjì ló wà lára bẹ́líìtì ọmọ, wáyà yẹn ló ń so wọ́n mọ́. Bó bá dé igi tuntun, á yọ ọ̀kan, á so ó síwájú, kó tó yọ èkejì, kó má baà sígbà kankan tí kò ní so mọ́ nǹkan. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó wáyà náà á máa fò láti kàn án, lórí pákó tóóró tó ga ju òrùlé ilé lọ. Bẹ́líìtì náà ńkọ́? Bó bá ṣò lára ọmọ, tí ọmọ yọ̀ tó dorí kodò, ó lè bọ́ nínú ẹ̀. Ínṣì 2 péré ló kù kí Kẹ́hìndé kan ìlà náà. Mo mọ̀ pé ínṣì 2 kò jọ nǹkan kan lójú ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún. Síbẹ̀, bó jẹ́ ọmọ tí mo bí, mi ò ní jẹ́ kó gùn ún.

Ibi tí a ti jẹ̀bi rèé: ẹnu géètì ló yẹ ká ti wọn àwọn ọmọ, kí ẹ tó mówó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti dé àṣíborí tí ara wọn ti wà lọ́nà. Ẹ̀yin ì bá mú àwọn méjèèjì lọ sí okùn ìsàlẹ̀, tí kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, wọn ì bá sì jọ ṣeré. A ti gbé ọ̀pá ìwọ̀n lọ sẹ́nu géètì báyìí. ₦4,000 tí ẹ san lórí Kẹ́hìndé ti padà sínú àkáǹtì tí ẹ fi sanwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti àwọn ọmọ tí a sọ kalẹ̀ nítorí àrá, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn. Òótọ́ ni pé òjò kò tíì rọ̀; oòrùn ṣì ń ràn lápá ọ̀sà. Ṣùgbọ́n mànàmáná kọ lápá kejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí àrá fi sán: ìṣẹ́jú àáyá 12. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 ni ìró fi ń rin kìlómítà kan, nítorí náà kò ju kìlómítà 4 lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Àrá kì í dúró de òjò. Ó lè sán síbi tó fi kìlómítà 10 jìnnà síbi tí òjò ti ń rọ̀, igi gíga ni àwọn ọmọ sì wà, wáyà irin ni wọ́n so mọ́. Òjò oṣù kẹfà lè rọ̀ láàárọ̀ dalẹ́ kí a má gbọ́ gbì. Èyí tó ń palẹ̀ mọ́ lóṣù kẹwàá yìí, pẹ̀lú ariwo ló máa ń dé. Ìdí nìyẹn tí a fi kó gbogbo ènìyàn wọ gbọ̀ngàn, tí a sì dúró títí 30 ìṣẹ́jú fi pé lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Bí òmíràn bá sán nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, a ó tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú 50 ló gbà lọ́wọ́ yín. A kì í dá owó ìyẹn padà, ṣùgbọ́n ẹni tí àrá bá gba àkókò rẹ̀ lè padà wá lo ìyókù lọ́jọ́ mìíràn. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ èyí fún yín kí ẹ tó lọ, wọn kò sọ ọ́, ẹ má bínú.

Ẹ bá wa bẹ Màmá lórí ẹ̀fọn. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo lọ yẹ gbogbo táyà tí àwọn ọmọdé ń fi ṣe jangirọ́fà wò. A máa ń lu ihò sísàlẹ̀ wọn kí omi lè jò dànù, ṣùgbọ́n ewé ti dí ihò méjì lára wọn, tanwíìjí sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè là ń da táyà wò. Bẹ́ǹṣì méjì tó ní ẹ̀yìn sì ti wà lábẹ́ igi fúrúùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn tí àwọn ọmọ kékeré ti ń ṣeré, kí àgbà lè jókòó kó sì máa rí ọmọ.

Ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀ sí yín, a pè é, kò jiyàn. Kò sí bí iṣẹ́ ṣe lè pọ̀ tó tí èèyàn fi ń bi ìyá ọlọ́mọ bóyá kò lè kàwé, pàápàá lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ fèsì síbí. Bí ẹ kò bá fẹ́, kò ní dà yín láàmú.

Ẹ dúpẹ́ lórí ìkọ́kọrẹ́ àti ẹja yíyan, a ti jíṣẹ́ fún àwọn ìyá tó ń sè é. Ọjà Olúwo ni wọ́n ti ń ra ẹja náà láàárọ̀.

Ẹ mú wọn padà wá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, tí àrá kò ní lé wa wọlé. Okùn ìsàlẹ̀ ni kí àwọn méjèèjì jọ gùn nígbà yẹn, èmi ni n ó sì tẹ̀lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún 7 máa ń ga tó ínṣì 2 láàárín ọdún kan, nítorí náà, bó bá di ọjọ́ òmìnira ọdún tó ń bọ̀, a ó tún wọn Kẹ́hìndé lẹ́nu géètì. Bí orí rẹ̀ bá ti kan ìlà, òun ni yóò kọ́kọ́ gun òkè, kí Táyé tó tẹ̀lé e.