Ọba Henry Kẹjọ kọ́ ló kọ "Greensleeves"

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pín in kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Ọba Henry Kẹjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ orin "Greensleeves", pé ó fi dẹnu ìfẹ́ kọ Anne Boleyn, obìnrin tó padà fi ṣe aya. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọdún 1547 ni Henry wàjà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1580 ni a kọ́kọ́ rí orúkọ orin náà nínú àkọsílẹ̀, nígbà tí atẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Richard Jones, lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé. Ọba ti lo ọdún 33 nínú sàréè nígbà náà! Ìpìlẹ̀ tí ohùn orin náà dúró lé pẹ̀lú, láti Ítálì ló ti wá. Àwọn onímọ̀ sì gbà pé lẹ́yìn ikú Henry ló tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí onígìtá Ritchie Blackmore àti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì rẹ̀, Rainbow, ṣe "Sixteenth Century Greensleeves" ní 1975, ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tí wọ́n dárúkọ tọ̀nà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé irọ́ yìí bo orin tí Henry kọ ní tòótọ́ mọ́lẹ̀: "Pastime with Good Company", tó wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan ní British Library. Ẹgbẹ́ Gryphon, tó ń fi fèrè ayé àtijọ́ ṣe rọ́ọ̀kì, gbà á sílẹ̀ ní 1973. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Jethro Tull náà ṣe é ní 1979, wọ́n pè é ní "King Henry's Madrigal". Ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ máa pín.