Ọ̀rọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ò parí sórí akoto o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ka ohun tẹ́ẹ kọ pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ kàn ń gbowó ọdọọdún ni, pé tí ọ̀gá bá ti ra akoto àti bàtà fún òṣìṣẹ́, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Akoto tẹ́ẹ ń wí yẹn, òun ló kẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́: kọ́kọ́ wò ó bóyá o lè mú ewu náà kúrò pátápátá, tí ò bá ṣeé ṣe fi nǹkan tí ò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò ẹ̀, àbí kó o fi nǹkan bo ẹ̀rọ náà, kó o tún iṣẹ́ ọ̀hún tò, ìgbà tí gbogbo ìyẹn ò bá tó ló tó kan akoto.

Ẹ tún ní jàǹbá ló ń pa òṣìṣẹ́ jù. Àjọ ILO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, ṣírò pé ó ń lọ sí mílíọ̀nù 3 èèyàn tíṣẹ́ ń pa lọ́dún, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 nínú wọn, àìsàn ni! Eruku, kẹ́míkà, ó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀díẹ̀, akoto wo ló fẹ́ dá ìyẹn dúró?

Ẹ wo ASSP, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, 1911 ni wọ́n dá a sílẹ̀, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí iná jó ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York, èèyàn 146 kú, ilẹ̀kùn kan wà ńbẹ̀ tí wọ́n tì pa. Ṣé torí owó ọdọọdún nìyẹn?

Owó ń bẹ lóòótọ́, mi ò jiyàn (èmi náà máa ń ráhùn).