Ẹ má tètè pe ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n tà ní “void”

Bí ìjà ilẹ̀ ẹbí bá ti ṣẹ́yọ ní Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi pariwo pé, “Void ni! Wọn ò pè mí sí i!” Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé tí wọ́n bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé gbogbo ọmọ ẹbí mọ̀ sí i, òfo ni, bí ẹni pé títà náà ò wáyé rárá, kí ẹni tó ra ilẹ̀ máa kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1959, Federal Supreme Court ilẹ̀ Nàìjíríà dá ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ìlànà ibẹ̀ ni àwọn kóòtù sì ń tẹ̀ lé títí dòní. Tí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, void ni: òfo ni láti ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí olórí ẹbí bá tà á lórúkọ ẹbí, tó kàn fo àwọn àgbà yòókù dá, voidable ni. Títà náà dúró, ó ń ṣiṣẹ́, àfi ọjọ́ tí àwọn tí wọ́n fò dá bá gbé e lọ sí kóòtù, tí adájọ́ sì fagi lé e.

Ẹ wo àwọn tí òfin ní kí wọ́n pè. Kì í ṣe gbogbo ọmọ. Olórí ẹbí ni, àti àwọn àgbà tó ń ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Nílé olórogún, ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ní aṣojú tirẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú tiwa yìí, ọmọ lè tọ ọ̀nà ìyá wọ ẹbí kó sì ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ti bàbá nìkan. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé, ta ni ì bá rí ilẹ̀ rà láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìpẹru? Àbúrò tó wà ní Jámánì tí kò buwọ́ lùwé lè bínú o, ìbínú rẹ̀ ò sọ títà di òfo.

Ti àkókò ló máa ń dun èèyàn jù. Ẹ rí i tí wọ́n ń gbẹ́ fáúńdéṣọ̀n, ẹ dákẹ́. Wọ́n da dẹ́kìn, ẹ dákẹ́. Wọ́n kan páànù, ẹ lọ jẹ ìkókóre níbi ìṣílé. Ọdún gorí ọdún, ilẹ̀ àdúgbò yẹn wá gbówó lórí, ẹ wá rántí pé wọn ò pè yín. Adájọ́ lè ní ẹ ti pẹ́ jù, kí ẹ máa lọ sílé yín.

Òfo gidi tún wà níbi tí ọ̀pọ̀ ò ti ń wá a. Nínú ẹjọ́ Solomon àti Mogaji, lọ́dún 1982, kóòtù sọ pé tí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí bí ẹni pé tirẹ̀ gan-an ni, void ni. Nítorí náà, kí bàbá jẹ́ olórí ẹbí tí gbogbo ìlú mọ̀ kò tó. Ẹ ka ìwé yẹn: ṣé orúkọ ẹbí ló fi tà á, àbí “èmi Lágbájá, ilẹ̀ mi”?

Àwọn lọ́yà wa fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Lord Denning, adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1961, pé èèyàn ò lè gbé nǹkan lé òfìfo kó retí pé kó dúró. Ó dùn lẹ́nu lóòótọ́. Àmọ́ nínú ẹjọ́ Macfoy àti UAC yẹn, tó ti Sierra Leone wá, Macfoy tó ń sọ pé ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fún òun jẹ́ òfo ló pàdánù! Denning ní voidable lásán ni. Wọ́n mú ọ̀rọ̀, wọ́n gbàgbé ìdájọ́.

Ti àṣẹ gómìnà náà nìyí. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 (Land Use Act), tó ní kí èèyàn gba àṣẹ gómìnà kó tó gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíì, pe títà tí kò bá òfin náà mu ní “null and void”, ìyẹn òfo, Supreme Court sì tẹ̀ lé e ní 1989 nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, níbi tí ẹni tó fi ilé dúró fún owó báǹkì fúnra rẹ̀ ti ní òfo ni ohun tí òun ṣe, tí wọ́n sì dá a láre. Ṣùgbọ́n ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe àti Chinukwe, wọ́n là á yé wa pé ẹ lè kọ́kọ́ buwọ́ lùwé kí ẹ tó tọrọ àṣẹ. Ìwé yẹn ń dúró de àṣẹ ni, kò tíì di òfo.

Ibi tí owó ti ń bọ́ sọnù rèé: ẹbí á ní kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ilẹ̀ mú nǹkan wá, káwọn fọwọ́ sí títà àtijọ́. Tó bá jẹ́ voidable, wọ́n lè fọwọ́ sí i, kó sì múlẹ̀. Tó bá jẹ́ void, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí. Ẹ tún ilẹ̀ rà lọ́wọ́ olórí ẹbí àtàwọn àgbà rẹ̀, lórí ìwé tuntun, pẹ̀lú déètì ọjọ́ tí ẹ rà á.